Bí a ṣe ń kọ́ èdè Kòríà tó bá jẹ́ èdè ìyá ẹni

Màmá mi, ará Kòríà ni wọ́n, Yorùbá ni bàbá mi. Yorùbá la ń sọ nílé, torí kò pẹ́ tí màmá mi délé ọkọ tí Yorùbá fi já geere lẹ́nu wọn, tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórí fóònù ẹ ò ní mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Èdè tiwọn wá di èdè orí fóònù, ìyá wọn tó wà ní Mokpo nìkan ni wọ́n ń bá sọ ọ́, ìlú kan létí òkun nísàlẹ̀ gúúsù Kòríà lọ́hùn-ún. Èmi á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo mọ ìgbà tínú ń bí wọn, mo mọ ìgbà tọ́rọ̀ di ẹ̀rín, mo tiẹ̀ mọ̀gbà tó jẹ́ pé èmi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá na fóònù sí mi báyìí, 네, nẹ, nìkan ló máa jáde lẹ́nu mi, ìyẹn "bẹ́ẹ̀ ni mà". 네, 네, 네, màmá àgbà á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní kí n gbé fóònù fún màmá mi padà. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó jókòó ti èdè yẹn.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹni tí èdè jẹ́ tilé ẹ̀ kì í kọ́ ọ bí àlejò. Ìwé táwọn àlejò ń lò dáa o, èmi náà lò ó, ṣùgbọ́n ibi tí àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, etí yín ti mọ nǹkan púpọ̀ tẹ́nu yín ò mọ̀. Èkejì, Yorùbá tó wà lẹ́nu yín yẹn ti bá yín ṣe bí ìdajì iṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi, mo fojú ara mi rí i ni. Tó bá jẹ́ bàbá yín ló wá láti ibẹ̀, tàbí ìyá ìyá yín, tàbí ọmọ yín lẹ fẹ́ kọ́ torí ọkọ tàbí ìyàwó yín jẹ́ ará ibẹ̀, ọ̀nà kan náà ni.

Kí ẹ tó ra ìwé kankan, ẹ mú bébà, ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Kòríà tó wà létí yín sílẹ̀, bó ṣe ń dún gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà Yorùbá, ẹ má bi ẹnikẹ́ni, ẹ má wo fóònù. Mo rò pé mi ò ní rí ju ogún lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ ọ́, torí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ, mo lè máa fọ abọ́ kí ọ̀kan yọ, kí n wà nínú mọ́tò kí òmíràn yọ, nígbà tí mo kà á ó ti lé ní 120. Ppalli, kíá. Haji ma, má ṣe é. Son ssisọ, fọ ọwọ́ ẹ. Iri wa, wá síbí. Aigo, èyí tí wọ́n ń lò fún ìrora, fún ìyàlẹ́nu, fún ká jókòó nígbà tó ti rẹni, bí "yéè" tiwa.

Ẹ wá wo àkójọ yẹn dáadáa. Tèmi, ọ̀rọ̀ àgbà sí ọmọdé ni gbogbo ẹ̀. Fọwọ́, jẹun, sùn, má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ wa nìyẹn, ẹ̀ka èdè tí ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nìkan la gbọ́, wọ́n ń pè é ní 반말, panmal, ọ̀rọ̀ tí kò ní ọ̀wọ̀ nínú. Tẹ́ ẹ bá mú un bẹ́ẹ̀ lọ bá àgbà, bí ẹni tó sọ fún bàbá ìyàwó ẹ̀ pé "wá jẹun" ló máa rí. Àlejò tó wá kọ́ èdè yìí ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, panmal ló máa wá wá. Tiwa dà sódìkejì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà wọn, Hangul. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù, ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Ọba Sejong ló ṣe é, 1443 ló parí ẹ̀, 1446 ló gbé e jáde fún gbogbo ìlú, torí lẹ́tà Ṣáínà ni wọ́n fi ń kọ nǹkan tẹ́lẹ̀, mẹ̀kúnnù ò sì ráyè kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà. Lẹ́tà 28 ni nígbà yẹn, 24 ló kù lónìí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwòrán ẹnu ni wọ́n: ㄱ ni ahọ́n tí ìdí ẹ̀ ká sókè tó dí ọ̀nà ọ̀fun, ㄴ ni ahọ́n tórí ẹ̀ kan ẹ̀yìn eyín òkè, ㅁ ni ẹnu fúnra ẹ̀, ㅅ ni eyín, ㅇ ni ọ̀fun. Ẹ pe "k" kí ẹ tẹ́tí sí ahọ́n yín, ẹ máa rí i pé ọba yẹn ò parọ́.

Ibi tí Yorùbá ti kọ́kọ́ gbè yín nìyí. Àwọn olóyìnbó máa ń jìyà lórí ㅓ, wọ́n á kọ ọ́ ní "eo", wọ́n á pè é ní "íò". Ọ ni. Ọ tiwa yìí, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn débi pé kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ yín wò lẹ́ẹ̀mejì. Seoul, Sọ-ul ni. Màmá, 어머니, ẹ pè é bí ẹni ń sọ pé "ọmọ ni". Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi lẹ́tà Yorùbá kọ ọ́ sílẹ̀ tí mo rí i pé "ọmọni" ni wọ́n ń pe ìyá, mi ò lè kàwé mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. ㅏ ni a, ㅗ ni o, ㅜ ni u, ㅣ ni i. ㅐ àti ㅔ, ẹ fi "ẹ" pe méjèèjì, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Seoul náà ò ya ohùn wọn sọ́tọ̀ mọ́. ㅡ nìkan ni kò sí lọ́dọ̀ wa: ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ pe "u", kí ẹ wá fa ètè yín gbọọrọ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹ má jẹ́ kí ahọ́n kúrò níbi tó wà.

Lẹ́tà Yorùbá tí mo ní kí ẹ fi kọ ọ́, fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni o. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jù ú nù.

Iṣẹ́ gidi wà níbi kọ́ńsónáǹtì, torí wọ́n ń pín ohun tí àwa ń gbọ́ bí ọ̀kan sí mẹ́ta. Létí wa "tal" ni gbogbo wọn: 달 ni òṣùpá, 탈 ni ìbòjú tí wọ́n fi ń jó, bí eégún, 딸 ni ọmọbìnrin. Ẹ fi ọwọ́ síwájú ẹnu: tẹ́ ẹ bá pe 탈, kí afẹ́fẹ́ gbá ọwọ́ yín, tẹ́ ẹ bá pe 딸, kí afẹ́fẹ́ má jáde rárá, kí ọ̀fun le. 달 wà láàárín. Mo ṣe é fún oṣù kan, mi ò gbọ́ ìyàtọ̀ 달 àti 딸, títí mo fi dẹ́kun àtimáa tẹ́tí sí lẹ́tà tí mo wá ń tẹ́tí sí ohùn. Nínú ẹnu àwọn ọ̀dọ́ Seoul lónìí, ohùn ìsàlẹ̀ ni 달 fi ń bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ni 탈 àti 딸. Dò àti mí! Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀, etí ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ó sì ní ìtàn kan: èdè Kòríà ní ohùn nígbà ayé Sejong, wọ́n máa ń fi àmì tóótòòtó sápá òsì ọ̀rọ̀, ẹyọ kan fún ohùn òkè, méjì fún ohùn tó ń gùn lọ sókè, ìsàlẹ̀ ò sì ní nǹkan kan. Ó ti kúrò nínú èdè Seoul, ṣùgbọ́n àwọn ará Gyeongsang, apá Busan, ohùn ṣì wà lẹ́nu tiwọn.

Ibi tí Yorùbá ti ń dí wa lọ́wọ́ wà náà. A kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, búrẹ́dì, bọ́ọ̀lù, kọ́ọ̀bù, a gbọ́dọ̀ wá fáwẹ̀lì sí i. 밥, ìrẹsì sísè, kì í ṣe "papu" tàbí "pabi". Ẹ pe "pa", kí ẹ wá pa ètè dé, kí ẹ má là á. Ó tán. Bó bá ṣe yín bí ẹni tọ́rọ̀ há sí lẹ́nu, ẹ ti gbà á.

Ó wá kan ọ̀wọ̀, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí òun gan-an ni ilé.

Mo ti wo ìwé atúmọ̀ èdè, mo rí 당신, tangsin, wọ́n ní ó túmọ̀ sí "ẹ̀yin", ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin pè wá lórí fídíò, mo fẹ́ bi wọ́n níbi tí wọ́n ń gbé, mo ní 당신은 어디에 살아요. Ojú bọ̀ọ̀dá yẹn yí padà. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn na fóònù sí ìyàwó wọn. Màmá mi tó wà lẹ́yìn mi gbé ọwọ́ lérí. 당신 yẹn, ọkọ àti ìyàwó ló ń fi pe ara wọn, tàbí àwọn tó ń jà lójú títì, tàbí kó wà nínú orin àti ìpolówó ọjà. Ẹ kì í pe àgbà bẹ́ẹ̀ láyé. Kò sí "ẹ" tiwa níbẹ̀ rárá, ẹ má wá a. Orúkọ ipò èèyàn lẹ máa pè, bí a ṣe ń sọ lójú màmá pé "ṣé màmá ti jẹun?". 외삼촌 ló yẹ kí n pè wọ́n, wesamchon, kí n sì ní 외삼촌은 어디 사세요. Mo pè wọ́n padà lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ní kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀wọ̀ náà wà ní ọ̀nà méjì, ẹ máa tètè mọ̀ ọ́n torí àwa náà ní méjèèjì. Ọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, àti ọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Tí mo bá ń bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀ nípa màmá àgbà, mo lè ní "gbọ́, màmá àgbà, wọ́n ti lọ". "Gbọ́" ni mo lò fún ọ̀rẹ́, "wọ́n" ni mo lò fún màmá àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn: 할머니 가셨어. 시, si, tó wọ inú ọ̀rọ̀ yẹn tó di 셨, fún màmá àgbà ni. Tó bá jẹ́ àgbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo á fi 요, yo, sí ìdí ẹ̀, 할머니 가셨어요. Tí èyí bá ti yé yín, ẹ ti fo ohun tó ń gba olóyìnbó ní oṣù mẹ́fà kọjá. Ẹ lọ mú àkójọ panmal yín yẹn, ẹ fi 요 sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 먹어 di 먹어요, 가 di 가요, kí ẹ máa kà á sókè.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń yí padà pátápátá. Èmi ń jẹun, 먹다, àgbà ń jẹun, 드시다. Èmi sùn, 자다, àgbà sùn, 주무시다. Èmi wà ńlé, 있다, àgbà wà ńlé, 계시다. Ẹ kì í bi àgbà pé 몇 살, ọmọdé ni wọ́n ń bi bẹ́ẹ̀, 연세 lẹ máa lò. Bá a ṣe ń sọ pé ọba wàjà, tí a kì í sọ pé ó kú, àwọn náà kì í sọ pé àgbà kú, 돌아가셨다 ni, wọ́n ti padà lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni màmá mi lò lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú, èmi sì rò pé ìrìn àjò ni bàbá àgbà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.

Ẹ ya ìdílé yín sórí bébà ńlá, kí ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa pe olúkúlùkù sábẹ́ orúkọ ẹ̀. Àbúrò rọrùn, 동생, ọkùnrin ni o obìnrin ni o, bí àbúrò tiwa. Ẹ̀gbọ́n ló ní wàhálà, torí wọ́n ń wo ẹni tó ń pè é àti ẹni tí wọ́n ń pè. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ obìnrin, ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ni 언니, ọkùnrin ni 오빠. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọkùnrin, obìnrin ni 누나, ọkùnrin ni 형. Kí ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ń ya ilé ìyá sọ́tọ̀ kúrò ní ilé bàbá, àwa ò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò màmá yín obìnrin ni 이모, ti bàbá yín ni 고모. Ìyá màmá yín, 외할머니 ni lórí bébà, ṣùgbọ́n lójú wọn 할머니 náà ti tó. Màmá yín, 우리 엄마, "màmá wa", kódà tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n bí. Ìyẹn ò nílò àlàyé fún Yorùbá.

Gírámà, mi ò ní sọ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń kẹ́yìn, "mo ìrẹsì jẹ", 나는 밥을 먹어요, ó máa mọ́ yín lára. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ní, tilé àti èyí tó wá láti Ṣáínà, wákàtí ń lo tilé, ìṣẹ́jú ń lo ti Ṣáínà, owó náà ń lo ti Ṣáínà, ẹ kàn máa kọ́ wọn pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ibi kan hàn yín. Ìwé gírámà mi lo ojú ewé mẹ́ta láti ṣàlàyé 먹어 보다. Mo kà á títí, kò yé mi, mo wá túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, ó ní "jẹ ẹ́ wò". 보다 ni "wò"! 먹어 보세요, ẹ jẹ ẹ́ wò. 입어 보세요, ẹ wọ̀ ọ́ wò. 주다 ni "fún": 사 주세요, ẹ rà á fún mi. 가져오다, mú wá. 가져가다, mú lọ. Bí àwa náà ṣe ń to ọ̀rọ̀ ìṣe tẹ̀ léra wọn nìyẹn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Láti ọjọ́ yẹn, tí nǹkan bá ti dí lójú mi nínú ìwé, Yorùbá ni mo máa ń kọ́kọ́ bi.

Ìkíni náà wà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá "ẹ kú iṣẹ́" ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò ní rí i. Ó wà ní Kòríà, 수고하셨습니다. 밥 먹었어, ṣé o ti jẹun, ìkíni ni, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé ara yín le. Kí ẹ tó jẹun, 잘 먹겠습니다. Kí ẹ tó jáde nílé, 다녀오겠습니다, mò ń lọ, mo máa padà bọ̀.

Ní báyìí, àgbà yín. Tí wọ́n bá ṣì wà láyé, àwọn ni olùkọ́ tẹ́ ẹ ní jù, ẹ má dúró di ìgbà tí èdè yín dára kí ẹ tó pè wọ́n. Èmi ń pe màmá àgbà ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ogún ìṣẹ́jú. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó máa rekọ́ọ̀dù ẹ̀. Tí a bá parí, mo á mú ìṣẹ́jú kan péré nínú ẹ̀, ẹyọ kan, mo á kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní Hangul, èyí tí mi ò gbọ́ mo á fi àlàfo síbẹ̀, màmá mi á bá mi dí i. Ìṣẹ́jú kan yẹn lè gbà mí ní wákàtí kan. Kò sí nǹkan míì tí mo ṣe tó ràn mí lọ́wọ́ tó o.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èdè màmá àgbà kì í ṣe ti inú ìwé. Ìwé ń kọ́ni ní èdè Seoul, ti Jeolla, agbègbè tí Mokpo wà, ni tiwọn. Ọ̀rọ̀ kan ń yọ ṣáá, 거시기, kọsigi, nínú ìṣẹ́jú kan ó lè yọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo wá a títí, mo rò pé orúkọ ẹnì kan ni. Màmá mi ní rárá, "kiní" ni. Gbé kiní yẹn fún kiní, lágbájá ṣe kiní. Gbogbo Kòríà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn báyìí wọ́n á ní ará Jeolla ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ kọ́ èdè Seoul fún ìdánwò àti fún iṣẹ́, kí ẹ fi tilé sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá jẹ́ pé láti Kazakhstan tàbí Uzbekistan làwọn èèyàn yín ti wá, àwọn tí ìjọba Stalin kó kúrò ní Ìlà Oòrùn Rọ́ṣíà ní 1937, èdè tiwọn tún yàtọ̀, ẹ ò ní rí i nínú ìwé kíláàsì rárá, rekọ́ọ̀dù tiyín wá ṣe pàtàkì jù.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kékeré. Kí lẹ máa ń jẹ láàárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré? Ta ló ń di irun yín? Mo bi màmá àgbà pé kí ni orúkọ tíṣà wọn àkọ́kọ́. 1936 ni wọ́n bí wọn, abẹ́ ìjọba Japan ni Kòríà wà láti 1910 títí di 1945. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá sọ orúkọ Japan kan, mo ní ṣé orúkọ tíṣà nìyẹn, wọ́n ní rárá, orúkọ tèmi ni. Láti 1940 ni ìjọba ti ń mú wọn gba orúkọ Japan, èdè Kòríà sì ti kúrò nílé ìwé. Ní 1942 wọ́n kó àwọn onímọ̀ èdè tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Kòríà, wọ́n gba ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ kọ lọ́wọ́ wọn. September 1945, lẹ́yìn tí Japan lọ, wọ́n rí ìwé yẹn nínú yàrá ìkẹ́rùsí ní ibùdókọ̀ ojú irin Seoul, ọdún 1947 ni apá àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde. Mi ò mọ gbogbo èyí nígbà tí mò ń fi 네 dá wọn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ìdí tí inú àgbà fi ń dùn tó bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tẹ́ ẹ sọ, ẹ ka ìtàn àwọn ọdún yẹn.

Ilé ìdáná ni kíláàsì kejì. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe kimchi, ẹ má dúró sápá kan kí ẹ máa ya fídíò, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni, kimjang ni wọ́n ń pè é tó bá jẹ́ ti òtútù, ẹbí àti aládùúgbò ló ń ṣe é pa pọ̀, UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2013. Kábéèjì gígùn yẹn, màmá mi ti fi iyọ̀ pa á láti alẹ́, 절이다 ni wọ́n ń pe ìyẹn, ó ti rọ̀ débi tí ẹ lè ká ewé ẹ̀ láìṣẹ́. Ata gbígbẹ, ááyù, atalẹ̀, edé kékeré tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́ títí ó fi rọ̀, wọ́n á pò ó, 버무리다, wọ́n á wá máa fi í pa ewé lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí. Ata ọwọ́ mi pọ̀ jù. Màmá mi di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní 조금만, díẹ̀ péré, wọ́n já ewé kan ti inú, wọ́n ká a, wọ́n fi sí mi lẹ́nu, wọ́n ní 간 봐. Iyọ̀ ẹ̀, wò ó. Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí mo kọ́ lọ́sàn-án yẹn, mi ò tún wọn kà rí, wọn ò sì kúrò lórí mi.

Ẹ tún máa gbọ́ 손맛, adùn ọwọ́, bí a ṣe ń sọ pé ọwọ́ ìyá yẹn dùn. Ẹ máa gbọ́ 시원하다, ó tutù, kí àgbà máa sọ ọ́ lórí ọbẹ̀ tó ń hó, ẹ má yà á sí àṣìsọ, ìtura tó dé àyà ni wọ́n ń wí. Tí wọ́n bá ṣí 청국장 níwájú yín tí òórùn ẹ̀ gba ilé, ẹ rántí irú. Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sè é, wọ́n bò ó kó wú, bí ìyá onírú ṣe ń ṣe é. Bàbá mi ni wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ jù nílé wa.

Ọjọ́ ọdún, ẹ mọ méjì ná. Seollal ni ọdún tuntun wọn, Chuseok ni ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá. Ní Seollal ẹ máa forí balẹ̀ fún àgbà, 세배, ẹni tó ti kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ rí kò ní ìṣòro, ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ ni ọwọ́: obìnrin á fi ọwọ́ ọ̀tún lé òsì, ọkùnrin á fi òsì lé ọ̀tún. Níbi òkú ni wọ́n ti ń yí i padà, ẹ má ṣe àṣìṣe yẹn lọ́jọ́ ọdún. Ẹ máa ní 새해 복 많이 받으세요, wọ́n á fún yín lówó, wọ́n á gbàdúrà fún yín, ẹ ó wá jẹ ọbẹ̀ tteokguk, wọ́n máa ń ní ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ ti fi ọdún kan dàgbà.

Kí ẹ bi wọ́n ní 본관 yín náà. Kim pọ̀ ní Kòríà bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n Kim ti Gimhae yàtọ̀ sí Kim ti Gyeongju, ìlú tí baba ńlá ti ṣẹ̀ ló ń yà wọ́n, bí ẹni tó ń bi yín pé oríkì orílẹ̀ yín ńkọ́. Ìdílé míì ní ìwé ìran, 족보, tó kọ orúkọ láti ìrandíran. Bí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó ya fọ́tò ẹ̀.

Ohun èlò, díẹ̀ ló tó. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí èdè wọn, 국립국어원, ní ìwé atúmọ̀ èdè ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 한국어기초사전, àpẹẹrẹ gbólóhùn wà nínú ẹ̀, òun ni ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ 당신. King Sejong Institute náà ní kíláàsì ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdánwò TOPIK ní ìpele mẹ́fà, TOPIK I ni 1 àti 2, TOPIK II ni 3 dé 6, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀ ẹ lè nílò ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ jẹ́ kó dúró ná. Fíìmù wọn dára fún etí, ẹ wo ìran ìṣẹ́jú méjì láìsí ìtumọ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ ṣọ́ ẹni tó fi 요 sí i àti ẹni tí kò fi sí i, ẹ máa mọ ẹni tó jẹ́ àgbà kí wọ́n tó sọ fún yín.

Ìtìjú wà o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ máa sọ̀rọ̀, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn. Wọ́n á wo ojú yín, wọ́n á ní ẹ mà ń sọ ọ́ dáadáa fún àlejò, ọ̀rọ̀ yẹn ń dunni. Àwọn míì nínú ẹbí á ní kí ló dé tí màmá yín ò kọ́ yín, màmá yín náà á sì gbọ́ ọ. Mo ti bi màmá mi rí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n sọ Yorùbá bí àwọn ọmọ yòókù, kí ẹnì kan má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò bi wọ́n mọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé tí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, Kòríà ni mo ṣì máa fi fèsì, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú 요 nídìí ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á padà sí i.

Ó ku bí wọ́n ṣe ń parí ìpè, torí ìwé kì í kọ ọ́. Àwọn àgbà kì í sọ pé ó dàbọ̀ lórí fóònù, 들어가 ni wọ́n máa ń ní, wọlé. Màmá àgbà á ní 들어가, èmi á ní 들어가세요, 할머니, wọ́n á tún ní 그래, 들어가, a lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ má gé fóònù. Ẹ dúró kí àgbà kọ́kọ́ gé e.